Ìdúmọ̀tà, WhatsApp tàbí Ṣáínà: níbo ni ọlọ́jà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti lè ra ohun ìṣeré ọmọdé?

Páálí náà ga tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọkùnrin tó ń gbẹ́rù ní gáréèjì fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e sọ̀kalẹ̀ látẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan. Mọ́tò oníke mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe rí i tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo rántí owó tí mo san lórí ẹ̀ láti Ṣáínà dé Èkó, àti láti Èkó dé Ìjẹ̀bú-Òde. Atẹ́gùn ni mo rà lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn bá mi fi mọ́tò díẹ̀ há a láàárín ni.

Láti ìgbà yẹn, tí ẹnì kan bá yà sí ìsọ̀ mi tó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń ra ọjà yín?", èmi náà á kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ tà. Ẹni tó fẹ́ ta bèbí gàgàrà inú páálí onígíláàsì àti ẹni tó fẹ́ ta káàdì ABD kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà kan náà. Mo ti ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, mo ti dá owó fún àwọn tó ń bá èèyàn kó o wọlé lórí WhatsApp, mo ti fi ọwọ́ ara mi yan ọjà lórí ìkànnì àwọn ará Ṣáínà, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa bọ̀sí kọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló lérè, gbogbo wọn náà ló sì ti jẹ mí lówó rí.

Ẹ kọ́kọ́ wo páálí, kí ẹ tó wo ọjà

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù kì í bìkítà fún bó ṣe wúwo tó bí ẹrù bá ti fúyẹ́ bíi tiwa. Àyè tó gbà ni wọ́n ń gbowó lé. CBM ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n náà: àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, kí ẹ wá fi mílíọ̀nù kan pín in. Ohun tó bá jáde ni CBM páálí yẹn.

Ọkọ̀ òfurufú ní ìṣirò tirẹ̀. Wọ́n á gbé páálí sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á tún ṣírò àyè tó gbà, nípa fífi 6000 pín sẹ̀ǹtímítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a sọ di púpọ̀ (àwọn tó ń gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà máa ń fi 5000 pín in, ìyẹn tún gbówó lórí sí i). Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n á gba owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọjà méjì síra wọn. Mo fi iye owó inú rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ni, nítorí owó ẹrù àti dọ́là kì í dúró sójú kan. Ohun tí ìṣirò náà ń fi hàn ni kí ẹ mú.

| | Mọ́tò oníke ńlá | Àwòrán àtòpọ̀ onígi |
|---|---|---|
| Páálí (sẹ̀ǹtímítà) | 60 × 50 × 80 | 40 × 30 × 30 |
| CBM | 0.24 | 0.036 |
| Iye tó wà nínú páálí | 24 | 144 |
| Owó ẹyọ kan ní Ṣáínà | $2 | $0.50 |
| Owó ọkọ̀ òkun lórí ẹyọ kan, bí CBM bá jẹ́ $300 | $3 | sẹ́ǹtì 7.5 |
| Bí páálí ṣe wúwo tó | kílò 9 | kílò 12 |
| Kílò tí ọkọ̀ òfurufú máa gbowó rẹ̀ | 40 | 12 |

Mọ́tò dọ́là méjì ti di dọ́là márùn-ún kó tó kan ilẹ̀ Èkó. Àwòrán àtòpọ̀, tí àwọn ọmọ ń pè ní pọ́sù, kò tíì kúrò ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 58. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ òfurufú gbé mọ́tò yẹn á san owó kílò 40 lórí ẹrù kílò 9. Ẹ̀yìn ẹ̀fà ju eéje lọ, àwa ọlọ́jà ló yẹ kó mọ ìyẹn jù.

Àwọn awakọ̀ wa náà ń lo CBM o, wọn ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé páálí ńlá dé ibi ọkọ̀ Ìjẹ̀bú, awakọ̀ ò ní gbé e wò bóyá ó wúwo. Ojú ló máa fi wọ̀n ọ́n, á ní, "Ìjókòó èèyàn méjì lèyí gbà, ẹ máa san owó èèyàn méjì."

Ìdúmọ̀tà: ọjà tí ẹ fojú rí

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ báyìí máa ń fojú kéré Ìdúmọ̀tà. Wọ́n ti gbọ́ pé owó gidi wà ní kéèyàn máa ra ọjà láti Ṣáínà, wọ́n wá gbà pé ẹni tó ń ra ọjà ní Èkó ò tíì di ọlọ́jà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó kọ̀ńténà wọlé sí Ìdúmọ̀tà, Balógun, tàbí Trade Fair lójú ọ̀nà Bàdágírì ti bá yín san owó atẹ́gùn yẹn. Ó rà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó kún kọ̀ńténà dẹ́nu, owó ẹrù orí ẹyọ kan sì kéré sí tiyín tí ẹ dá páálí mẹ́ta wá. Ní ti àwọn ọjà fúkẹ́fúkẹ́ tó máa ń gba àyè, bíi mọ́tò ńlá, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, bèbí inú páálí gígùn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sí àti àpótí ìdáná ọmọdé, mo ti ṣírò rẹ̀ lọ ṣírò rẹ̀ bọ̀, iye tí mo rà á ní Ìdúmọ̀tà kì í sábà ju iye tó máa dé ìsọ̀ mi bí mo bá dá a kó wọlé. Ìgbà míì, ó tún dín.

Èrè rẹ̀ kejì ni ojú. Ẹ ó ṣí i, ẹ ó fi bátìrì sí i, ẹ ó fa ojú bèbí wò bóyá á yọ. Ẹ ó tún gbọ́ òórùn rẹ̀. Oníke tó bá ń rùn bíi kẹ́míkà tútù, mo máa ń dá a padà sórí àtẹ. Ẹ kò lè gbóòórùn lórí fóònù.

Èkẹta ni pé ẹ lè dá onírúurú pọ̀. Dọ́sìn kan mọ́tò, dọ́sìn kan fèrè, páálí kan bálúùnù. Bí ọjà kan kò bá tà, kò ní gbé gbogbo owó yín sùn.

Ohun tó burú níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín: ìrìnnà, alááru, owó ilẹ̀, sún kẹrẹ fà kẹrẹ, àti pé ohun tí ẹ rà ni gbogbo ìsọ̀ tó wà ní Òkè-Ajé náà rà. Ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò kan bá jáde ní Ìdúmọ̀tà, ẹ ó rí i ní Ìta-Ọ̀sù, ní Sábó Ṣágámù, àti lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri lójú títì. Ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ bá kéré jù ló máa tà á ní pọ́ọ́kú, àwọn ará Ṣágámù sì jù wá lọ níbẹ̀, nítorí wọ́n sún mọ́ Èkó ju àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá wà ní apá ibí, ẹ má bá wọn du ọjà tó gba àyè. Ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ tiyín wà nínú ọjà kékeré, ibẹ̀ ni Ṣáínà ti wúlò.

Àwọn tó ń gba owó jọ lórí WhatsApp

Ìsọ̀ ni ẹni yìí ò ní. Àwòrán ló ní. Á gbé e sórí ẹgbẹ́, á dá ọjọ́ tí owó máa wọlé, àwọn ènìyàn á dáwó, òun á sì rà á ní Ṣáínà lórúkọ gbogbo yín. Ẹ lè mú ẹyọ mẹ́wàá péré. Ẹ kò nílò bánkì, ẹ kò nílò èdè Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní fojú kan ibùdókọ̀ òkun. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìlíṣàn tàbí Àgọ́-Ìwòyè, tó fẹ́ máa ta ohun ìṣeré fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀nà yìí rọrùn jù.

Àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Oṣù kẹsàn-án ni mo san owó pátákó ABD aláriwo fún ẹnì kan báyìí. Wọ́n ní kí n tó ra ìrẹsì Kérésìmesì, ọjà á ti dé. Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kìíní ló dé. Kérésìmesì ti lọ, owó ilé-ìwé ti dé, kò sí òbí tó ní owó ìṣeré lọ́wọ́. Mo ní kò burú, màá tà á fún àwọn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ki bátìrì bọ̀ ọ́, mo tẹ A. Èdè Ṣáínà ló fi dáhùn. Mo tẹ B, ó tún ń sọ̀ ọ́ lọ ṣúlá ṣúlá. Ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó kéré tán àwọn ọmọ á lè bá ẹ ra ọjà tó bá yá." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àmọ́ páálí méjì ló wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo bi ẹni tó bá mi rà á, ó ní àwòrán tí òun fi ránṣẹ́ ò sọ èdè tó ń sọ. Òótọ́ ni. Èmi ni mi ò béèrè. Láti ọjọ́ náà, bí ọjà bá ń sọ̀rọ̀ tàbí kọrin, fídíò tó ń dún ni mo máa ń gbà, mi ò gba àwòrán mọ́. Mo sì máa ń béèrè ohun mẹ́ta ní kíkọ kí n tó sanwó: ṣé owó tí ẹ pè ti ní owó ẹrù àti kílíà (owó gbígba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù) nínú? Ilé ìkẹ́rùsí wo ní Èkó ni mo ti máa gbà á? Bí ó bá ṣẹ́, ta ló ni àdánù? Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni kí wọ́n pe ọjà ní iye kan, kí ó wá dé, kí wọ́n ní "owó ẹrù ti lọ sókè lónìí" kí wọ́n tó fi lé yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun ò mọ CBM ọjà tí òun ń polówó ń dá owó ẹrù lé èrò ọkàn ni. Ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín rà á ní Ṣáínà

Bí ẹ bá ti kọjá ẹyọ mẹ́wàá tí ẹ sì fẹ́ ọjà tí kò sí lọ́wọ́ ará àdúgbò, ẹ ti dé ibi tí Ṣáínà wà. Ìlú mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ orúkọ wọn. Chenghai, ní ìlú Shantou ní ẹkùn Guangdong, ni ilé àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré oníke. Ohun tó pọ̀ jù lórí àtẹ wa, ibẹ̀ ló ti wá. Yiwu, ní ẹkùn Zhejiang, ni ọjà ńlá tó ń ta gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́, wọ́n sì ní apá tó jẹ́ ti ohun ìṣeré nìkan. Guangzhou ni ìlú tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ti ń ṣe aṣojú, ibẹ̀ náà ni ìpàtẹ Canton Fair ti ń wáyé láti 1957, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé tiwọn.

Ẹni tí kò ní rìnrìn àjò, orí ìkànnì ló máa wà, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì pọ̀ sí. Alibaba ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ti gbára dì fún àwa ará òkèèrè, owó wọn sì wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Trade Assurance: bí ẹ bá sanwó gba inú rẹ̀ tí ọjà ò bá ohun tí ẹ kọ mu, ẹ lè gbé ẹjọ́ yín wá. Kété tí olùtajà bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun lẹ́yìn ìkànnì, ẹ ti bọ́ lábẹ́ òjìji yẹn nìyẹn. 1688, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Alibaba náà, àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ṣe é fún. Èdè wọn ló kún ibẹ̀, owó yuan ni wọ́n ń gbà, ó sì sábà máa ń pọ́ọ́kú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ó nílò aṣojú tó máa bá yín sanwó. Ẹ ó tún san owó tí wọ́n máa fi gbé ọjà láti ọ̀dọ̀ olùtajà dé ilé ìkẹ́rùsí aṣojú, owó yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Tí ẹ bá ra ọjà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́jọ, ẹ ó san án lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ó sàn kí ẹ mú onírúurú ọjà lọ́wọ́ èèyàn méjì ju kí ẹ mú oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ èèyàn mẹ́jọ.

Púpọ̀ nínú ìwé àfihàn ọjà tó bá wá láti Chenghai ló máa ń ní iye tó wà nínú páálí kan àti CBM rẹ̀. Ẹ ka ìlà yẹn kí ẹ tó wo àwòrán. Ohun tó yẹ kí ẹ gbà níbẹ̀ ni ohun tó kéré tó sì ní láárí: pọ́sù, káàdì ìkẹ́kọ̀ọ́, bíríkì àtòpọ̀ bíi lẹ́gò tí wọ́n tú sínú ọ̀rá, ẹranko oníke kéékèèké, bálúùnù tí wọn ò tíì fẹ́. Àwọn mìíràn máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọjà kúrò nínú páálí aláràbarà, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá. CBM á já wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Àmọ́ òbí tó ń ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fẹ́ páálí tó ń dán, ẹni tó ń rà á fún ilé-ìwé ni kò bìkítà. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń tà fún.

Ọkọ̀ òkun máa ń gbà tó oṣù méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a bá ka ìdúró de kọ̀ńténà kó kún àti kílíà mọ́ ọn. Ọkọ̀ òfurufú lè má ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ohun tó bá ní bátìrì nínú, wọ́n á gba owó tó ju ti ẹrù lásán lọ, àwọn míì ò tilẹ̀ ní gbà á. Orúkọ ńlá náà léwu: bí wọ́n bá kọ Barbie tàbí LEGO sára ọjà tí ilé-iṣẹ́ yẹn ò ṣe, ayédèrú ni, kọ́sítọ́ọ̀mù Ṣáínà fúnra wọn lè gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ní ti ẹni tó fẹ́ dá kọ̀ńténà tirẹ̀ wọlé, màá yára sọ ọ́, nítorí kò pọ̀ nínú wa. Kọ̀ńténà ẹsẹ̀ bàtà 20 fẹ̀ tó CBM 33, àmọ́ páálí kì í kún un tán, nǹkan bíi 28 lẹ máa rí lò. Ẹ ó gba Form M, ìwé tí a fi ń forúkọ ọjà tó ń bọ̀ sílẹ̀, ní bánkì, ẹ ó gba ìwé-ẹ̀rí SONCAP ti SON, àjọ tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà ní Nàìjíríà, kọ́sítọ́ọ̀mù á sì ṣe PAAR, ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí ẹrù, fún yín. Lábẹ́ ìlànà owó orí ọjà ti ECOWAS, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2015, ọjà tó ti parí tó kàn kù ká lò ó wà ní ìpele 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó orí VAT 7.5 tún wà lórí ẹ̀, pẹ̀lú àwọn owó kéékèèké míì. Nígbà kan, àwa Ìjẹ̀bú là ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ wa kọjá sí etí òkun, kí òyìnbó tó fi ogun Ìmágbọ̀n já a gbà lọ́wọ́ wa ní 1892. Ayé ti yí, àwa là ń san án báyìí. Ibùdókọ̀ òkun Lẹ́kkí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, sún mọ́ wa ju Àpápá lọ tí a bá gba Ẹ̀pẹ́, àmọ́ bí ẹrù yín bá wà nínú kọ̀ńténà àjọkó, ẹni tó ni kọ̀ńténà ló ń yan ibi tó ti máa sọ̀ ọ́, kì í bi yín.

Bọ̀sí kọ̀rọ̀

Ọjà àlòkù láti ìlú òyìnbó, tí ẹ lè rí ní Kàtàńgúà l'Ábúlé-Ẹ̀gbá, kò yẹ kí a gbàgbé. Oníke wọn nípọn, ohùn wọn ṣì ń dún lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òbí tó bá sì mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ á sanwó gidi lé e. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ kò lè rí méjì tó dọ́gba, ẹyọ kan sì ti sọnù lára púpọ̀ nínú wọn. Ó ní ọjọ́ orí tirẹ̀ náà. Ní 2007, Mattel pàápàá, ilé-iṣẹ́ tó ni Barbie, ní láti gba ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á nítorí òjé tó wà nínú ọ̀dà ara wọn. Ohun tó bá ti gbó tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí, mo máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí mo bá rà, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́, oòrùn ọjọ́ kan á tún pa á.

Ohun tí mi ò ní tà, ibi yòówù tó ti wá

Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí bọ́tìnnì, tí ìdérí rẹ̀ kò ní bọ́ọ̀tì kékeré tó dè é. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì péré ó lè jó ẹran ibẹ̀. Òòfà róbótó kéékèèké tó lágbára náà: bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn nínú ìfun, wọ́n á sì dá ìfun lu. Ilẹ̀kẹ̀ olómi tó ń wú nínú omi, inú ikùn ló ti máa wú bí ọmọ bá jẹ ẹ́. Mi ò ta ìbọn tó jọ ìbọn gidi, mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi dẹ́rù ba ọlọ́pàá lójú títì.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, mo ní páìpù páálí tí wọ́n fi ń ká tíṣù nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ohunkóhun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá ti kéré jù fún ọmọ yẹn. Àwọn oníbàárà máa ń rò pé mo ń ṣeré. Lórí páálí, àmì róbótó tó ní ojú ọmọdé àti 0-3 tí wọ́n fi ìlà gbá ń sọ ohun kan náà. Àmì CE, tó ń sọ pé ọjà bá òfin ilẹ̀ Yúróòpù mu, nìkan ò tó mi, nítorí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń ní kí olùtajà fi ìwé àyẹ̀wò EN71, ìlànà ààbò ohun ìṣeré ti ilẹ̀ Yúróòpù, ránṣẹ́, kí nọ́ńbà ọjà tó wà nínú rẹ̀ sì bá ti ara páálí mu.

Ta ni kó gba ibo, àti ìgbà wo?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, Ìdúmọ̀tà ni. Ṣé owó yíyá tàbí owó àjọ lẹ fi ra ọjà? Ìdúmọ̀tà náà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Owó tó wà lójú òkun fún oṣù méjì kì í san èlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà 2023, iye tí ẹ fi sanwó ẹrù lè yàtọ̀ gédégbé sí iye tí ẹ fi ra ọjà.

Ẹni tó ń ta fún ilé-ìwé, tí ọjà rẹ̀ jẹ́ pọ́sù àti káàdì, tó sì ní oníbàárà tó ti dáwó sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kó lọ sí 1688 pẹ̀lú aṣojú tó ti bá ẹni tó mọ̀ ṣe rí. Ẹni tó kàn fẹ́ dán ọjà tuntun wò, kó mú ẹyọ mẹ́wàá lórí WhatsApp, kó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ó lè pẹ́.

Ìgbà ló ṣòro jù fún àwa ará Ìjẹ̀bú, nítorí Kérésìmesì nìkan kọ́ ni ọdún wa. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà la ṣe é. Ní 2025, ó di ọjọ́ 8. Bí àwọn ọmọ bá ti rí àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin, ẹṣin ni gbogbo wọn á máa béèrè títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ẹṣin onígi, ẹṣin oníke, ẹṣin tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ní Ṣáínà ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ máa ń tì pa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nígbà ọdún tuntun tiwọn, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì. Wọn kì í yára gbára dì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ òkun retí ẹṣin Ojúde Ọba gbọ́dọ̀ ti sanwó kí àwọn ará Ṣáínà tó ti ilẹ̀kùn. Fún Kérésìmesì, oṣù keje ni mo máa ń fi owó sílẹ̀, ó pẹ́ tán oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá ti kọjá ìgbà yẹn, kó pa Ṣáínà tì lọ́dún náà.

Ẹṣin tí mo tà ní Ojúde Ọba tó kọjá, Ìdúmọ̀tà ni mo ti rà á. Ẹṣin gba àyè. Téèpù ìwọnṣọ ni mo mú lọ, mo ń wọn páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ka iye tó wà nínú rẹ̀, títí ìyá tó ni ìsọ̀ fi bi mí bóyá mo fẹ́ rán aṣọ fún wọn ni.